Kí Ọwọ́ àti Abẹ́ Má Baà Kú Lójú Ọ̀nà Ọ̀yọ́: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Lórí Kẹ̀kẹ́ Mi

8 Oṣù Kejì
Mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, ìrìn tí ó lé ní kìlómítà 50, láìjẹ́ pé ara tó ń kú ló dá mi dúró. Lónìí, n kò tíì dé Fìdítì tí ìka ọmọńdinrin mi àti ìdajì èyí tí ó tẹ̀ lé e fi kú tipiri ní ọwọ́ méjèèjì, débi pé nígbà tí mo fẹ́ tú bọ́tìnì àpò mi láti mú owó omi, ojú ni mo fi wá a.

15 Oṣù Kejì
Mo ra ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn ní àtẹ́lẹwọ́. Ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà dínkù, ṣùgbọ́n ìka méjèèjì ṣì kú. Iṣan tí ó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí wọn gba ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrin, ibi tí ẹran kò ti bò ó púpọ̀, nítorí náà bí ènìyàn bá gbé ara lé ibẹ̀ pẹ́, yóò tẹ̀ ẹ́ pa. Kí ló wá ń ti ara mi síwájú?

22 Oṣù Kejì
Bàbá atúnkẹ̀kẹ́ṣe àdúgbò wa kò tilẹ̀ wo ọwọ́ tí mo nà sí wọn. Wọ́n gbé pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ lé ìjókòó kẹ̀kẹ́, wọ́n fi bọ́ọ̀lù bíárìn kan sí orí rẹ̀, ó sì yí gbirigbiri lọ sí iwájú, ó já bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí ìwọ náà ṣe ń yọ̀ lọ nìyẹn, ọwọ́ rẹ ló ń dá ọ dúró." Èmi fúnra mi ni mo tẹ imú ìjókòó náà sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá nítorí pé abẹ́ mi ń kú. A tú nọ́ọ̀tì, a mú un tẹ́jú.

1 Oṣù Kẹta
Ọwọ́ yá, abẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó lórí páálí lórí àtẹ̀gùn, mo tẹ̀ síwájú, egungun ìdí méjèèjì sì fi ojú sílẹ̀ sí i: sẹ̀ǹtímítà 13 ló wà láàárín wọn. Ìjókòó mi kéré jù fún wọn, ẹran abẹ́ ló wá ń ru ẹrù egungun. Mo wá tòkunbọ̀ kan tí ó fẹ̀ tó, tí ó ní ihò gbọọrọ láàárín. N kò gba ìmọ̀ràn àwọn tí ó ní kí n ra èyí tí ó rọ̀ bíi tìmùtìmù, nítorí pé egungun yóò rì sínú rẹ̀, àárín yóò sì ga sókè ti abẹ́.

8 Oṣù Kẹta
Gíga ìjókòó ló kù. Mo wọn ẹsẹ̀ mi láti abẹ́ dé ilẹ̀, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po 0.883, iye tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ fi ń wá gíga ìjókòó, ó fún mi ní 70.6, láti ojú ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí dé orí ìjókòó. Tèmi wà ní 73, ìdí mi sì ń mì sọ́tùn-ún sósì kí ẹsẹ̀ lè tó pẹ́dà nísàlẹ̀. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

15 Oṣù Kẹta
Mo dé Ìlọrà, ìlú tí ó kù díẹ̀ kí á dé Ọ̀yọ́. Ní bíi ìṣẹ́jú 10 sí ara wọn ni mo ń dìde dúró lórí pẹ́dà kí ẹ̀jẹ̀ lè ráàyè kọjá, mo sì ń yí ibi tí ọwọ́ mi wà padà. Ìka kankan kò kú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kú díẹ̀, nítorí pé oòrùn mú un wú nínú bàtà tí mo so le. Nígbà tí mo dẹ okùn rẹ̀, ó sàn. Ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, n ó dẹ okùn náà kí n tó kúrò nílé.