Ẹ̀rín Tí Mo Rín ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kóòtù

Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún 3 tó di lọ́yà pè mí láti Ilé-Ifẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Mà, wọ́n ní tí mi ò bá fi ẹjọ́ yẹn sílẹ̀, àwọn máa tẹ fọ́tò mi sábẹ́ 'Ó dàárọ̀'. Ẹ gbà mí o, kí ni kí n ṣe?" Ẹjọ́ ìpànìyàn ni, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló sì ń gbẹjọ́ rò fún. A sọ̀rọ̀ títí owó orí fóònù mi fi tán, síbẹ̀ mi ò tíì sọ ìdajì ohun tó wà nínú mi. Ìyókù ni mo jókòó kọ síbí.

Iléṣà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ lọ́yà, ó ti lé ní ọdún 19. Ẹjọ́ ilẹ̀, ogún, tọkọtaya tó fẹ́ kọra wọn, gbèsè: ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Ẹjọ́ ìpànìyàn tó ti kọjá lọ́wọ́ mi kò pé 5. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ mi ní ohun tí ilé ẹ̀kọ́ òfin ò kọ́ mi. Fókánáísà kan, ọmọ ọdún 24, ni wọ́n ní ó fi ìgò gún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa níbi òde ìnáwó. Àwọn ẹbí rẹ̀ ò lówó lọ́yà. Ẹ̀sùn tó sì wà lọ́rùn rẹ̀, ikú ni ìjìyà rẹ̀ lábẹ́ abala 319 òfin ìwà ọ̀daràn. Kóòtù kì í jẹ́ kí ẹni tí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ bá ká mọ́ dúró lóun nìkan. Adájọ́ wo inú kóòtù yí ká lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ bọ́ sára mi níbi tí mo ti ń dúró de ẹjọ́ ilẹ̀ tèmi, ó ní kí n bá àwọn dá sí i. Bí mo ṣe kó wọ̀ ọ́ nìyẹn. Mi ò mọ ọmọ náà rí, mi ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ta ló ráyè gbọ́ ìyẹn? Lójú àwọn tí wọ́n pa ọmọ wọn, owó ẹ̀jẹ̀ ni mo gbà jẹ.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe lọ, torí ọjọ́ náà ni mo fọwọ́ ara mi ṣera mi. Wọ́n ka ẹ̀sùn lédè Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ tú u sí Yorùbá, wọ́n ní kí ọmọ náà fèsì. Ó ní, "Mi ò jẹ̀bi." Igbe ta láti orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ìyá olóògbé ni. "Kò jẹ̀bi kẹ̀? Ta ló wá pa á? Àbí èmi ni mo pa ọmọ mi?" Wọ́dà ní kó panu mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé "mi ò jẹ̀bi" kì í ṣe ìdájọ́, pé ohun tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn ẹjọ́ lásán ni. Wọ́n sún ẹjọ́ sí oṣù tó ń bọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 20 lọ.

A jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba tó wá láti Òṣogbo, èmi àti ẹ̀ la jọ jókòó ní kíláàsì kan náà láyé ijọ́un. Ó ní kí n wá gbọ́ ohun tí ewúrẹ́ àǹtí òun fojú òun rí láàárọ̀: ó jẹ ojú ìwé méjì nínú fáìlì ẹjọ́ kan. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àrínfọwọ́-dì-ògiri-mú, wíìgì mi wà lọ́wọ́ kejì. Ìgbà tí mo yíjú, ìyá yẹn ló jókòó sórí àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì, fọ́tò ọmọ rẹ̀ nínú férémù lórí itan rẹ̀. Ó ń wò mí. Kò sọ nǹkan kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ gbé fóònù sókè, ó yà wá.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán yẹn ti gba orí WhatsApp kan: "Wọ́n ti ra lọ́yà ìjọba." Nínú iṣẹ́ tiwa, a lè jà bí ẹni máa kú nínú kóòtù láàárọ̀ ká sì jọ jẹ iyán lọ́sàn-án. Àṣà wa ni, mi ò sì rí aburú kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ kò mọ àṣà yẹn. Ohun tó rí ni pé ẹni tó yẹ kó bá òun gbẹ̀san àti ẹni tó ń gbèjà apànìyàn jọ ń yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ìhalẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún àwa méjèèjì. Èmi ni wọ́n ń pè ní olójú kòkòrò, òun ni wọ́n ń pè ní ọ̀dàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe ẹjọ́ ìpànìyàn, ẹ fi ẹ̀rín sílẹ̀ sínú mọ́tò. Ẹ kíra, ẹ tẹrí ba fúnra yín, kí kálukú máa lọ.

Ìwà òmùgọ̀ tí mo wá hù tẹ̀ lé e ju ẹ̀rín lọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó wọ orí fóònù mi, mo pa á rẹ́. Ó rí mi lára, mi ò fẹ́ kó sùn mọ́ mi. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọn ò tiẹ̀ pè mí. Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni wọ́n pè, obìnrin tó ti lé ní ọdún 75: "Màmá, ẹ kìlọ̀ fún lọ́yà yín kó má yọjú sí kóòtù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun." Màmá mi pè mí tẹkún-tẹkún, "Àbẹ̀ní, iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an?" Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo najà tán ní Àtàkúnmọ́sà, mo padà sídìí mọ́tò, mo bá ẹyọ ìgbálẹ̀ 3 tí wọ́n fi òwú dúdú dì pọ̀, wọ́n há a sábẹ́ wáípà. Àrokò ni. Ẹni tí wọ́n bí nílé wa kò nílò ògbufọ̀ fún ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ 3 gbáko ni mi ò sọ fún ẹnì kan. Ìgbéraga ni. Mo ní Ìjẹ̀ṣà ni mí, ọmọ Òṣómàáló. Àwọn bàbá wa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n fi gbowó wọn, ta ló máa fi ẹyọ ìgbálẹ̀ lé mi nídìí iṣẹ́? Mo tún ń tan ara mi pé ẹni tó máa ṣe é kì í sọ. Ó sì yẹ kí n mọ̀. Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè tí kò jìnnà sí wa níbí, lọ́yà ni, òun tún ni mínísítà ètò ìdájọ́ fún gbogbo Nàìjíríà nígbà tí wọ́n wọlé tọ̀ ọ́ ní Bódìjà, Ìbàdàn, ní 23 oṣù Kejìlá 2001, tí wọ́n sì pa á. Ìròyìn ìgbà náà ní àwọn tó ń ṣọ́ ọ ti jáde lọ jẹun. Kò tíì pọ́dún, ní 1 oṣù Kẹsàn-án 2002, wọ́n pa Barnabas Igwe, alága ẹgbẹ́ lọ́yà ẹ̀ka Onitsha, òun àti Abigail ìyàwó rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tí wọ́n pa sínú kóòtù.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ìjókòó 14 la ṣe lórí ẹjọ́ fókánáísà yẹn. Tí wọ́n bá ti pariwo "Kóòtù!", gbogbo èèyàn á dìde, adájọ́ á jókòó, wọ́dà á dúró ti ọmọ náà, ọlọ́pàá á wà lẹ́nu ọ̀nà, kálukú á sì fọwọ́ lẹ́rán. Ibi tó léwu ni nǹkan bí ogójì ìṣísẹ̀ tó wà láàárín ilẹ̀kùn kóòtù àti mọ́tò mi. Géètì kan ṣoṣo ni ọgbà náà ní. Ẹbí olóògbé, ẹbí olùjẹ́jọ́, ẹlẹ́rìí, lọ́yà, obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lábẹ́ igi, ibẹ̀ ni gbogbo wa ń gbà. Tí Black Maria bá dé láti ọgbà ẹ̀wọ̀n, èrò á ti rọ̀gbà yí i ká kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn rẹ̀.

Ìjókòó karùn-ún ni òkò dé. Dókítà tó yẹ òkú wò ló jẹ́rìí lọ́jọ́ náà, mo sì bi í ní ìbéèrè tó le nípa ojú ọgbẹ́. Mo jáde pẹ̀lú gáùn lọ́rùn, ìwé lápá. Mo gbọ́ "Òun nìyẹn!", lẹ́yìn náà mo gbọ́ gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò mi tó fọ́ wómúwómú. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mọ́. Bélífì kan, òṣìṣẹ́ kóòtù, bàbá àgbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ló fa gáùn náà bọ́ kúrò lọ́rùn mi. Ó ní, "Bọ́ ọ sílẹ̀, ọmọ mi. Aṣọ yìí ni wọ́n ń lé, wọn ò mọ ojú ẹ." Ó ká a mọ́ abíyá, ó mú mi gba yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí, a gba ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́, a já sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń dín àkàrà ní òpópónà kejì. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀ fún odidi wákàtí kan. Ó bu omi fún mi, kò bi mí ní nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà, nínú báàgì ni gáùn mi ń gbé títí mo fi máa jókòó síwájú adájọ́, inú rẹ̀ ló sì ń padà sí kí n tó dìde. Imú mọ́tò mi máa ń kọjú sí géètì. Mi ò kì í gúnlẹ̀ síbi kan náà lẹ́ẹ̀mejì léra wọn. Mo ti mọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kóòtù kọ̀ọ̀kan tí mo ń lọ, mo sì mọ orúkọ bélífì ibẹ̀ ju orúkọ rẹ́jísítrà lọ.

Ọjọ́ kejì òkò yẹn ni mo tó lanu. Mo pe agbẹjọ́rò ìjọba, mo bá a pé òun náà ti ń bo tiẹ̀ mọ́ra. Àwa méjèèjì la jọ lọ rí adájọ́ ní yàrá rẹ̀. Méjèèjì ni mo wí o. Ẹ má dá lọ bá adájọ́ láé lórí ẹjọ́ tó wà níwájú rẹ̀, kó má di pé ẹ lọ fi nǹkan sí i lọ́wọ́. Adájọ́ gbọ́ wa, ó pàṣẹ. Ọlọ́pàá á máa tú báàgì wò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹbí olóògbé lápá òsì, ẹbí olùjẹ́jọ́ lápá ọ̀tún, wọ́dà láàárín. Tí ìjókòó bá parí, ẹbí kan á kọ́kọ́ lọ, ó di ìṣẹ́jú 15 kí èkejì tó dìde. Black Maria á ti fẹ̀yìn sún mọ́ ilẹ̀kùn kí wọ́n tó mú ọmọ náà jáde. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ dá a lábàá pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹbí olóògbé wọlé mọ́ rárá. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Abala 36 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní gbangba ni ká ti máa gbọ́ ẹjọ́. Ìyá tó sin ọmọ rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó síbẹ̀ kó máa wò mí ní ìwòkuwò.

Ọ̀rọ̀ fóònù wá ńkọ́? Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù náà, àmọ́ ẹ tún tọ́jú fóònù tó gba ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Ẹ má tà á, ẹ má sì fi ta ọmọ lọ́rẹ. Abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 ní ohun tó ń béèrè kí kóòtù tó gba ohun tó bá ti inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde, tí nǹkan ọ̀hún ò bá sì sí mọ́, kí lẹ fẹ́ gbé síwájú adájọ́? Ẹ ní ìwé kékeré kan tẹ́ ẹ ń kọ ọjọ́, aago àti nọ́ńbà sí. Ẹni tó bá sì ní ìhalẹ̀ orí fóònù kì í ṣe ẹjọ́, ẹ fi abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 hàn án.

Ti àrokò ló ṣòro. Mo gbé ẹyọ ìgbálẹ̀ yẹn dé àgọ́ ọlọ́pàá nínú ọ̀rá, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní, "Mà, kí ló wá sọ?" Mo ní, "Ọ̀gá, ẹni tó fi í ránṣẹ́ mọ ohun tó sọ, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà kọ ọ́ pé 3 ni, òwú dúdú ni, abẹ́ wáípà ni mo ti yọ ọ́." Ó kọ ọ́. Mo gba ẹ̀dà ohun tó kọ kí n tó kúrò níbẹ̀. Ó yẹ kí n ti ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó há sí kí n tó fọwọ́ kàn án, àmọ́ ẹ̀rù ò jẹ́ kí n rántí.

Kì í sì í ṣe ọlọ́pàá ló mú kí nǹkan rọlẹ̀. Mo fẹ́ lọ bá ìyá olóògbé fúnra mi, kí n kúnlẹ̀, kí n ṣàlàyé ẹ̀rín yẹn. Agbẹjọ́rò ìjọba ló dá mi dúró: obìnrin náà wà lára àwọn ẹlẹ́rìí tiẹ̀, tí wọ́n bá rí mi lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á ní mo wá yí i lọ́kàn padà. Òótọ́ ló sọ. Òun ló lọ, pẹ̀lú olórí ẹbí wọn àti pásítọ̀ wọn. Ó jókòó tì wọ́n láti ọ̀sán títí wọ́n fi tan iná. Ó ṣàlàyé ìtumọ̀ "mi ò jẹ̀bi", ìdí tí ẹjọ́ fi ń sún, ìdí tí lọ́yà fi ń tẹrí ba fún lọ́yà ẹgbẹ́ rẹ̀, pé ẹni tó ń jẹ́jọ́ ò tíì di ọ̀daràn lójú òfin títí ìdájọ́ á fi dé. Ó tiẹ̀ sọ ti ewúrẹ́. Ó ní ìyá náà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní, "Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín?" Nínú 4 nọ́ńbà tó ń halẹ̀ mọ́ mi, 3 dákẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹyọ kan ò dákẹ́ títí ẹjọ́ fi parí. Torí ìkan yẹn ni mo ṣe ń gbé mọ́tò pamọ́ sí ọgbà ìyá aládùúgbò mi kan fún oṣù 7.

Nígbẹ̀yìn, adájọ́ ní kò mọ̀ọ́mọ̀ pa á, ó rán an lẹ́wọ̀n ọdún púpọ̀. Ẹbí méjèèjì ló bínú jáde.

Ọmọbìnrin Ifẹ̀ yẹn tún bi mí bóyá ìtìjú ni kí òun yọwọ́. Kì í ṣe ìtìjú. Ṣùgbọ́n èèyàn ò kàn lè dẹ́kun wíwá. Ẹ kọ̀wé sí kóòtù, ẹ sọ ìdí, ẹ dúró títí kóòtù á fi yọ̀ǹda yín, kí olùjẹ́jọ́ náà rí ẹlòmíràn. Àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ti fẹnu kò níbi ìpàdé àjọ UN ní Havana, lórílẹ̀-èdè Cuba, láti ọdún 1990 pé kí ẹnikẹ́ni má ka ẹ̀ṣẹ̀ oníbàárà sí lọ́yà rẹ̀ lọ́rùn. Kò kàn tíì dé etígbọ̀ọ́ àwọn tó ń ju òkò ni.

Ó ní òun ò ní yọwọ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tún máa pe ẹjọ́ náà. Mo ní kó ti gáùn bọ inú báàgì, kó dé kí aago mẹ́jọ tó lù, kó sì bi bélífì ibi tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kóòtù tàwọn kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo ní kò burú, kó dúró dè mí ní géètì, Iléṣà sí Ifẹ̀ ò jìnnà.