Kọ́bọ́ọ̀dù Kì í Sanra

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán kó tó wá kí mi, nítorí inú mi ò tíì rọ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mi ò lè wo ojú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì mi. Bí mo bá ń fọ abọ́, fèrèsé ni mò ń kọjú sí, bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó.

Èésú ṣáà bọ́ sí mi lọ́wọ́ lóṣù kọkànlá, Dádì Tóbi náà rí owó kan gbà níbi iṣẹ́, la bá ní kí Kérésì tó dé, a ó ti tún kíṣíìnì àti yàrá wa ṣe. Káfíńtà tá a bá sọ̀rọ̀ ní Kugbo, ọmọ Ọ̀ṣun ni, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́. Ó ní òun á wá wọn ilé fúnra òun, kí n ṣáà fún òun lówó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀. Kugbo sí Kubwa kì í ṣe ìtòsí lóòótọ́, ẹ máa la ìgboro Àbújá já ni. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ dùn mí. Mo ní kó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, màá wọ̀n ọ́n, màá sì fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kì mí láyà. Ọdún 19 ni mo ti ń ránṣọ ní Kubwa. Mo ti wọn sójà. Mo ti wọn aláboyún oṣù mẹ́jọ tó ní kí n rán èyí tó máa bá òun mu lọ́jọ́ ìkómọ. Mo ti wọn Alhaji kan tí téèpù ń rín in ní ìgbáròkó, tó jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ló dì í mú kí n tó rí i wọ̀n. Ògiri kíṣíìnì wá ni kò ní ṣe é wọ̀n? Ògiri tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í fa ikùn mọ́ra, tí kì í sọ pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó há díẹ̀ níbi ìdí"?

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn oúnjẹ, mo bọ́ téèpù ọrùn mi. Tóbi di ìparí rẹ̀ mú ní igun kan, mo fà á dé igun kejì. Ẹsẹ̀ bàtà 9, ìyẹn íńṣì 108, kò lé, kò dín. Káfíńtà ti sọ fún mi pé àpótí mẹ́fà lòun máa pín kọ́bọ́ọ̀dù náà sí. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á sọ fún yín pé íńṣì 18 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọwọ́ mi ló ṣe mí. Mo fẹ́ pe 18 síta kí Dádì Tóbi kọ ọ́, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni 20. Gbogbo télọ̀ ló mọ ohun tí mò ń sọ. Bí àyà èèyàn bá jẹ́ 40, télọ̀ tó bá gé aṣọ rẹ̀ ní 40 ti wá wàhálà wálé. O gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀: ti ojú rírán wà níbẹ̀, ti mímí wà níbẹ̀, ti ìrẹsì Kérésì náà wà níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí onítọ̀hún bá sanra, wàá kàn tú u ni. Ó ti mọ́ mi lára débi pé mi ò rò ó mọ́. Bí mo ṣe fi íńṣì méjì méjì kún àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìyẹn, kó má baà fún un.

Kó má baà fún ta ni? Kọ́bọ́ọ̀dù.

A dé yàrá. Láti ilẹ̀ dé pí-ó-pí àjà, ẹsẹ̀ bàtà 9 náà ni. Èyí tí wọ́dùróòbù máa fi ga, mo fi íńṣì mẹ́ta kún un nísàlẹ̀. Mi ò fẹ́ ṣàlàyé èyí. Ẹni tó bá ti rán ṣòkòtò rí mọ ohun tí wọ́n ń fi íńṣì mẹ́ta ìsàlẹ̀ ṣe.

Ṣé ẹ rí i, ká ní ibi tó mọ nìyẹn, ǹ bá gbà pé àárẹ̀ ló mú mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Àmọ́ ní ọjọ́ kẹta, mo lọ sí ọjà Dei-Dei lọ ra táìlì. Ojú mi dá ṣáká, mo ti jẹ mọ́ínmọ́ín, oòrùn wà lókè. Alhaji tó ń ta táìlì wo ìwé mi, ó fọwọ́ tẹ fóònù rẹ̀. Ilẹ̀ kíṣíìnì mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 9 sí 10. Táìlì 60 sí 60 sẹ̀ǹtímítà ni mo fẹ́, mẹ́rin ló wà nínú páálí kan. Ó ní páálí 6 máa bo ilẹ̀ náà. Ó wá ní, "Àmọ́, Hajiya, gba 7."

(Ní Àbújá, bó o bá ti wé ìborùn lásán, Hajiya ni ọ́. Álítò ni mò ń kọ nínú akọrin ìjọ wa.)

Baba yìí fi sùúrù ṣàlàyé fún mi. Ó ní wọ́n á gé e létí ògiri, ọ̀kan lè fọ́, méjì lè fọ́, bí mo bá sì padà wá, èyí tí àwọ̀ wọn jọra lè ti tán. Mo fi imú rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Alhaji, ẹ̀yin ọlọ́jà ẹ fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa ta ohun téèyàn ò nílò fún un." Ó ní, "To, shi ke nan," ìyẹn ni pé ó dáa, ó tán. Ó gba owó páálí 6.

Ẹ wò ó, lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni oníbàárà kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní kó ra yáàdì márùn-ún, ó ní yáàdì mẹ́rin máa tó, pé ẹ̀yin télọ̀ ẹ fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa jí aṣọ oníbàárà. Mo fi odindi ọjọ́ kan bínú sí obìnrin yẹn. Mo pòṣé débi tí àwọn ọmọọṣẹ́ mi fi sá fún mi. Èmi kan náà ló lọ sọ irú rẹ̀ sí Alhaji lójú ní Dei-Dei, mo sì rìn jáde bí ẹni tó já ọgbọ́n.

Méjì fọ́. Létí ògiri, ilẹ̀ náà fẹ́ ọ̀kan lé ju èyí tá a rà lọ. Mẹ́ta ló ku káàtó. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ Alhaji, èyí tó jọ ọ́ ti tán. Baba náà ò wí nǹkan kan. Ó kàn ń wo ojú mi, ó ń jẹ góòrò rẹ̀. Mo mú èyí tó sún mọ́ ọn. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ìyá ni wọ́n. Nínú kíṣíìnì mi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dà bí eyín góòlù lẹ́nu ẹni tí kò lówó. Mo gbé sílíńdà gáàsì lé ọ̀kan, mo gbé garawa ìdọ̀tí lé èkejì. Ẹ̀kẹta, bí àlejò bá ti wọlé, èmi ni mò ń lọ dúró lé e lórí.

Ẹ ò rí nǹkan? Nínú gbogbo ohun tá a rà fún ilé yẹn, táìlì nìkan ló ń fẹ́ àyè. Òun nìkan ni mi ò fún.

Ọjọ́ Sátidé ni káfíńtà gbé ẹrù dé pẹ̀lú àwọn ọmọọṣẹ́ méjì. Wọ́n tẹ́ wọ́dùróòbù gbọọrọ sílẹ̀ nínú ọgbà, wọ́n fi tapólì bò ó nítorí eruku ọyẹ́. Mai ruwa tó ń gbé omi wá fún wa (a ti tú síńkì) dá bárò rẹ̀ dúró, ó wo ohun tó wà lábẹ́ tapólì, ó bọ́ fìlà. "Hajiya, wa ya rasu?" Ó ń béèrè ẹni tó kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Kò tíì sí, ni mi ò bá fi kún un.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to àpótí kíṣíìnì. Ìkíní wọlé, ìkejì wọlé, inú mi ń dùn, mo ń ya fọ́tò. Ìkarùn-ún wọlé, ó wá ku íńṣì 8. Ìkẹfà tó wà nílẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 20. Káfíńtà wo àpótí, ó wo ògiri, ó tún wo àpótí. Ó yọ fóònù, ó ṣí ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí i.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Ogún lọ́nà mẹ́fà, mélòó ni?"

"120."

"Ògiri yín ń kọ́?"

Ó yẹ kí n panu mọ́ níbẹ̀. Ó yẹ kí n ní ògiri ló sún. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Mo fi àyè sílẹ̀ fún un ni."

"Àyè kí ni, Mọ́mì?"

"Kó má baà fún un."

Káfíńtà rọra jókòó sórí àpò sìmẹ́ǹtì. Mo rò pé ara rẹ̀ ò yá. Ẹ̀rín ló ń wá, kò kàn fẹ́ yájú sí mi. Nígbà tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, omijé ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọọṣẹ́, ọmọ Tiv ni, bi í pé kí ló dé, ó sọ ọ́ fún un ní Píjíìnì. Èyí ẹ̀kejì sọ ọ́ fún mai ruwa ní Hausa. Mai ruwa sọ kẹ́ẹ̀gì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó di ẹ̀gbẹ́ mú. Èdè mẹ́ta ni wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín nínú ọgbà tèmi.

Mo ní ó tó, kí wọ́n lọ nà wọ́dùróòbù ró. Ẹ ti mọ̀. Ó fi íńṣì mẹ́ta ga ju yàrá lọ. Mo ní, kó má baà dà bíi pé mi ò lóye nǹkan kan, "Ẹ ká a nísàlẹ̀."

"Mọ́mì, ti ṣòkòtò la máa ń ká. Ti èyí, gígé ni." Ó gba 15,000 náírà lé e lórí fún àtúnṣe. Owó ọkọ̀ tí mo fi pa mọ́ ńkọ́? Ẹ má bi mí.

Àpótí kẹfà wá di íńṣì 8. Ẹ yọ ìnípọn pákó ọ̀tún àti tòsì, inú rẹ̀ kò ju íńṣì mẹ́fà àti ààbọ̀ lọ, ó wá jìn wọnú tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Igo òróró, igo epo, igo fínígà, a tò wọ́n sẹ́yìn ara wọn bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Bí mo bá fẹ́ mú fínígà, tó jẹ́ òun ló wà lẹ́yìn pátápátá, gbogbo wọn ló máa jáde, apá mi á wọlé dé abíyá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Èkúté tó bá wọ ibẹ̀, àfi kó fẹ̀yìn rìn jáde. Tóbi ti sọ ọ́ lórúkọ: Sílíìmù Fíìtì. "Mọ́mì, iyọ̀ wà nínú Sílíìmù Fíìtì." Ọmọ tí mo bí.

Ṣùgbọ́n ṣé èmi nìkan ni mo jẹ̀bi ni? Ẹ jẹ́ ká dé orí Dádì Tóbi. Òun ló kọ ìwé tá a fi ránṣẹ́, torí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Akáǹtáǹtì ni. Wọ́n ń sanwó fún un ní mínísírì kan níhìn-ín kó lè máa rí ibi tí iye ò ti dọ́gba. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ 108 sókè, tó wá kọ 20 lẹ́ẹ̀mẹfà sísàlẹ̀.

"Dádì, ẹ ò rí i ni?"

Ó ń mu gààrí. "Mo rí i."

"Ẹ rí i?!"

"Mo rò pé o ní ìdí tó o fi ṣe é ni. Ìwọ lo ní kí n má dá sí ọ̀rọ̀ téèpù ẹ mọ́."

Ó dáa. Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́, ta ló dá sí i? Òun ni. Ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 7 ló ní òun fẹ́, kó ga níbi ìgbórílé, kí iná wà lábẹ́ rẹ̀. Àárín ògiri méjèèjì yàrá yẹn ò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ. Wọ́dùróòbù ti gba méjì. Bẹ́ẹ̀dì gba méje, ibi ìgbórílé rẹ̀ tún bù díẹ̀ jẹ nínú èyí tó kù. Káfíńtà ti ní ká ṣe ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí wọ́dùróòbù, Dádì ní ìyẹn jọ ti ṣọ́ọ̀bù, pé èyí tí wọ́n ń ṣí síta lòun fẹ́. Ó ń ṣí síta lóòótọ́. Bó bá ti ṣí díẹ̀, á gbá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, á dúró.

Láràárọ̀ báyìí, ọkọ mi á kúnlẹ̀ ní ìparí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń gbàdúrà, á ki ọwọ́ bọ àárín ilẹ̀kùn, á máa wá aṣọ bí ẹni ń wá ẹja àrọ̀ nínú ihò. Ohun tó bá bá ọwọ́ pàdé ló ń wọ̀. Káfútáánì aláwọ̀ kọfí ló sì súnmọ́ ẹnu ọ̀nà jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wọ̀ ọ́ lọ ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́rin. Ọ̀gá rẹ̀ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé kò sí nǹkan nílé. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi fọwọ́ gbá Sílíìmù Fíìtì, igo mẹ́ta sì ṣubú.

Lánàá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, ta ni mo rí? Káfíńtà. Ó gbé aṣọ léjìká, gínnì funfun tó dùn ún wò, ó ní òun ń gbéyàwó lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, òun fẹ́ kí n rán bùbá àti ṣòkòtò fún òun. Mo kí i kú oríire. Mo yọ téèpù lọ́rùn.

Ó sún sẹ́yìn. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa téèpù onírin rẹ̀ yọ ṣáàràrà, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí wọ̀n mí."

Àwọn ọmọọṣẹ́ mi sá jáde. Mo fi irin tútù yẹn yí i nídìí, ó ń ta padà mọ́ mi lọ́wọ́, mo ṣáà fipá mú un. 34. Mo kọ 34 sínú ìwé, mo fà á nílà lẹ́ẹ̀mejì kó rí i dáadáa.

Ó yọ ọrùn, ó wò ó. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Mọ́mì, àyè ńkọ́? Ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́ yìí mọ oúnjẹ sè o."