Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi láàárín àwọn oní-táátù

“Àǹtí mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba náà ń bẹ̀rù táátù?” Àbúrò mi ló ń bi mí bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Ó ń wáṣẹ́ l'Ékòó, ó sì fẹ́ ya ọ̀kan sọ́rùn. Lójú tiẹ̀, ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ òyìnbó, kò sẹ́ni tó ń wo ara ẹ̀ mọ́. Ó gbàgbé pé ilà pélé lèmi gbé wọ bàálù.

Ti ilé ò gba àlàyé púpọ̀. Táátù lọ́rùn ọkùnrin, ọmọ Yahoo ni. Lára obìnrin, ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ sójà kì í gbà á rárá. Bẹ́ẹ̀, ìyá ìyá mi fín orúkọ ara rẹ̀ sápá, ó dúdú bí aró, kò sì sẹ́ni tó pè é lọ́mọ ìta. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ọdún 2003 ti ka ilà àti fínfín sára ọmọdé léèwọ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àwa tí olóòlà ti dé ọ̀dọ̀ wa kí òfin tó dé ńkọ́? Ọsibítù aládàáni kan n'Íkẹjà gbà mí ní nọ́ọ̀sì, àmọ́ iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń fún mi ṣáá. Ọ̀gá ní àwọn oníbàárà àwọn, èèyàn ńlá ni wọ́n.

Níbí, òfin NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, ni pé kí apá ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ṣí sílẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọwọ́: kò sí aago, kò sí ẹ̀gbà, kí ọṣẹ àti omi lè dé ọrùn ọwọ́. Táátù apá ò wá ríbi sá sí. Òdòdó kún apá ọ̀gá wa lórí wọ́ọ̀dù. Bó ṣe ń wá iṣan bàbá arúgbó kan láti gún un lábẹ́rẹ́, bàbá ń fìka tọ òdòdó náà, ó ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe pé òfin gbè àwọn oní-táátù o. Equality Act ọdún 2010, òfin tó ní kí wọ́n má ṣe ẹ̀tanú, ò dáàbò bo táátù, ọlọ́pàá London sì ti pàṣẹ rí lọ́dún 2012 pé kó má hàn níbi iṣẹ́. Ó kàn ti di ohun tójú mọ́.

Tèmi lójú ò mọ́. Àwọn oní-táátù ń bi ara wọn pé èló ni, ta ló yà á. Tó bá kàn mí, ohùn á lọ sílẹ̀: “Ta ló ṣe èyí fún ẹ?” Ìyá kan di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé wọ́n lù mí. Mo ní ìdílé bàbá mi ló ni ín. Ó tún ní kí n pẹ̀lẹ́. Nínú dánfó, ẹni tí mi ò mọ̀ rí lè wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kó ní, “Ọmọ Ọ̀yọ́, ẹ káàárọ̀ o,” ká sì jọ sọ̀rọ̀ dé Ojúẹlẹ́gba. Níbí, mo lè ṣiṣẹ́ láàárọ̀ títí di alẹ́ láìsí ẹni tó bi mí nílùú mi. Ìyẹn ń dùn mí ju kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ.

Síbẹ̀ mi ò ní padà. Ojúmọmọ ni mò ń ṣiṣẹ́ báyìí, níwájú gbogbo èèyàn. Nígbà tí mo wá ipò Band 6, ìyẹn ipò nọ́ọ̀sì àgbà, ohun tí wọ́n bi mí ni ohun tí màá ṣe bí aláìsàn bá ṣubú lóru tí òṣìṣẹ́ ò tó. Mo dáhùn, wọ́n sì fún mi.