Àìsàn ti lọ, inú ṣì ń lọ́ni: Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní Nàìjíríà, tí ìgbẹ́ gbuuru bá ti dá, a gbà pé àìsàn ti lọ nìyẹn. Bí inú bá wá ń kùn, tó ń wú, tó ń lọ́ni ní oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ mìíràn la máa fún un: jẹdíjẹdí, ọgbẹ́ inú, taifọ́ọ̀dù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo wà báyìí, ohun àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì bi mí ni bóyá mo bì tàbí mo yàgbẹ́ gbuuru kí ìnira yìí tó bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Fáírọ́ọ̀sì tó fa ìgbẹ́ gbuuru náà lè ti kúrò lára pátápátá kí ìfun máà tíì bọ̀ sípò, kí àwọn kòkòrò rere tó ń bá wa da oúnjẹ máà tíì pé. Nínú èèyàn 10 tí àrùn inú bá ṣe, ó tó ẹnì kan tí irú ìnira yìí máa ń bá fínra lẹ́yìn náà.

Níbí, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n sì fún mi ní ìgò kékeré kan tí ṣíbí wà lára ìdérí rẹ̀, pé kí n bu ìgbẹ́ sí i. Nílé, kẹ́míìsì á ka kápúsù àti Flagyl sínú ọ̀rá, ó parí. Bẹ́ẹ̀, oògùn apakòkòrò kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Àwọn kòkòrò rere tó ṣẹ́ kù ló ń pa. Síbẹ̀ mi ò bá oníkẹ́míìsì wí. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn lálẹ́, kì í gba owó káàdì, tí èèyàn bá sì ní “inú ń lọ́ mi”, ó yé e. Òfin ọdún 2022 ní kí gbogbo èèyàn ní ìṣedúró ìlera, ṣùgbọ́n àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ṣì fi ń tọ́jú ara wọn.

Ti ibí náà kì í dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ dókítà àdúgbò ń gbé fóònù, nígbà tí ẹni tó fi gbogbo òru gbálẹ̀ ọ́fíìsì ṣì wà nínú bọ́ọ̀sì. Ìyá tí Gẹ̀ẹ́sì ò yọ̀ mọ́ lẹ́nu lè béèrè ògbufọ̀, àmọ́ ta ló sọ fún un?

Mo ti sọ fún àbúrò mi nílé pé kó kọ ìgbà tí àìsàn àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ àti oògùn tó ti lò sílẹ̀, kó mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tó bá ń rù, tàbí tí ìrora ń jí i lóru, kó má dúró ní kẹ́míìsì rárá.