Tẹlifíṣọ̀n ò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n so mọ́ òun: ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Àkúrẹ́ níbí, láti Ọjà Ọba títí dé ẹnu géètì FUTA, iṣẹ́ kan wà tí àwọn èèyàn ò ní yé pè yín sí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa so laptop yìí mọ́ tẹlifíṣọ̀n." Ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ orin hàn gàdàgbà níwájú ìjọ, olùkọ́ fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì, ẹni tó ń ṣègbéyàwó fẹ́ kí fọ́tò máa yí lójú tẹlifíṣọ̀n inú gbọ̀ngàn. Lójú oníbàárà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Waya náà ò sì le lóòótọ́. Ohun tó ń dá èèyàn dúró ni pé wọn ò ṣe tẹlifíṣọ̀n fún kọ̀ǹpútà. Fíìmù, ìròyìn àti bọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe é fún, gbogbo àwòrán tó bá sì wọlé sí i ló máa ń tún ṣe bíi pé fíìmù ni, àyàfi tí ẹ bá sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ni. Púpọ̀ nínú ẹ̀sùn tí wọ́n máa kà sí laptop lẹ́sẹ̀, ọ̀dọ̀ tẹlifíṣọ̀n ló ti wá.

Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí oníbàárà ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ laptop méjèèjì àti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ bi í pé mítà mélòó ni waya máa gbà, kó ka ibi tó máa gba ara ògiri gòkè mọ́ ọn. Bí méjèèjì bá ní HDMI, wàhálà ti dín kù: waya kan náà ló ń gbé àwòrán àti ohùn. VGA, èyí aláwọ̀ búlúù tó ní ihò 15, àwòrán nìkan ló ń gbé. Ohùn gbọ́dọ̀ gba waya 3.5 mm láti ihò íápíìsì lọ sí ibi tí wọ́n kọ "PC Audio In" sí lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n.

Kọ̀nfátà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń yí àwòrán láti irú ihò kan sí òmíràn, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó owó sọnù. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kọ̀nfátà ń lọ, ibi tí àwòrán ti ń bọ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń dárúkọ. Laptop àtijọ́ tó ní VGA nìkan, tí ẹ fẹ́ so mọ́ tẹlifíṣọ̀n oní-HDMI, "VGA to HDMI" ni tiẹ̀. Bí ọlọ́jà bá gbé "HDMI to VGA" lé yín lọ́wọ́, tó ní ìkan náà ni wọ́n, ẹ má gbà. Èyí tí ẹ fẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ní waya USB tó máa fi jẹ iná, kó sì ní ibi tí ohùn máa gbà wọlé.

USB-C tún ní tiẹ̀ nínú. Kì í ṣe gbogbo ihò USB-C ló ń gbé àwòrán jáde. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá àmì DP (DisplayPort) tàbí àmì mànàmáná (Thunderbolt) wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wá orúkọ laptop náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ti desktop rọrùn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í: bó bá ní káàdì àwòrán lọ́tọ̀, ara káàdì yẹn ni kí ẹ ki waya bọ̀, ẹ má fi sí HDMI tó wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ihò USB. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ so dikódà mọ́ laptop kí òun lè wo bọ́ọ̀lù lójú rẹ̀, ẹ sọ fún un pé HDMI ara laptop, àbájáde ni, kì í gba nǹkan wọlé.

Waya lásán dára dé nǹkan bíi mítà 5. Nínú gbọ̀ngàn ńlá tó gba mítà 10 sókè, ẹ ra èyí tó nípọn, tàbí èyí tó ní ẹ̀rọ agbára nínú, tí wọ́n kọ "Source" sí ẹnu kan àti "Display" sí ìkejì. Bí ẹ bá yí i padà, kò ní ṣiṣẹ́ rárá. Tó bá ju mítà 15 lọ, extender (ẹ̀rọ méjì tó ń fi waya nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat6 gbé HDMI lọ sí ọ̀nà jíjìn) tàbí HDMI oní-fiber, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àwòrán, ló máa jẹ́ kí ẹ sùn. Waya tó gùn ju agbára rẹ̀ lọ máa ń fi ara rẹ̀ hàn: ìràwọ̀ funfun á máa tàn yẹ́ríyẹ́rí lójú àwòrán, tàbí kí ojú tẹlifíṣọ̀n máa ṣú lọ ṣú bọ̀. Ẹ rẹ àwòrán sílẹ̀ láti 4K (3840 x 2160) sí 1920 x 1080. Bí ó bá dáwọ́ dúró, ẹ ti mọ̀ pé waya ni.

Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi rìmóòtù yan nọ́ńbà HDMI tí ẹ ki waya bọ̀ gan-an, kí ẹ tó tẹ Windows àti P pọ̀ lórí laptop. Ohun mẹ́rin á jáde. Duplicate ni kí ohun kan náà hàn níbi méjèèjì. Extend ni ti ṣọ́ọ̀ṣì: ọ̀rọ̀ orin á wà lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó jókòó sídìí laptop á sì máa wá orin tó kàn láìsí pé ìjọ ń wò ó. Bó bá ń kọ "No Signal", ẹ tún nọ́ńbà wò, ẹ yọ waya kí ẹ tún un kì, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ Windows, Ctrl, Shift àti B pọ̀. Èyí á tún dírábà àwòrán, ìyẹn ètò tó ń darí àwòrán nínú Windows, gbé dìde.

Ibi tó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ sí nìyí. Àwòrán ti jáde, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti gé kúrò: aago ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ò hàn, ìlà ìsàlẹ̀ Windows ti gé sí méjì. Overscan ni wọ́n ń pè é. Láyé tẹlifíṣọ̀n onídìí-ńlá, etí àwòrán kì í gún, ìdọ̀tí sì máa ń wà níbẹ̀, ni àwọn tó ń ṣe é bá ń fẹ àwòrán díẹ̀ kí etí lè bọ́ síta. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ò nílò rẹ̀ mọ́, àmọ́ wọn ò yé ṣe é. Ẹ má lọ máa yí nǹkan nínú Windows. Rìmóòtù ni kí ẹ mú, kí ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń yan ìwọ̀n àwòrán. Lórí LG, "Just Scan" ló sábà máa ń jẹ́. Lórí Samsung, "Screen Fit" tàbí "Fit to Screen". Lórí Sony, "Full Pixel". Lára àwọn míì, "1:1" tàbí "Dot by Dot". Tẹlifíṣọ̀n pọ́ọ́kú kan ò ní ìkankan nínú wọn. Ìgbà yẹn ni ẹ tó lè lọ sínú ètò Intel tàbí AMD lórí kọ̀ǹpútà láti fún àwòrán pọ̀. Lẹ́tà á ṣú díẹ̀, ẹ sọ fún oníbàárà ṣáájú.

Lẹ́yìn èyí, lẹ́tà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ pupa sórí ilẹ̀ dúdú, kí ẹ súnmọ́ ọn. Bí etí lẹ́tà bá ń ṣàn bí aró tó ta sáṣọ, tẹlifíṣọ̀n ń dín àwọ̀ kù ni, nítorí pé nínú fíìmù ojú ò lè rí i. Lórí LG àti Samsung, ẹ yí orúkọ tàbí àmì HDMI yẹn sí "PC". Á dáwọ́ dúró. Bó bá jẹ́ pé ìlà funfun ló yí lẹ́tà ká, Sharpness inú ètò àwòrán tẹlifíṣọ̀n ló pọ̀. Ẹ máa fà á wálẹ̀ títí ìlà náà fi máa lọ. Bí máòsì bá ń wọ́ tẹ̀lé ọwọ́, ẹ tan Game Mode lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ lórí 4K ni máòsì ti ń fò, ẹ wo refresh rate (iye ìgbà tí àwòrán ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) nínú Windows: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 30 Hz, nítorí pé HDMI 1.4 ò lè gbé 4K kọjá ìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ HDMI 2.0 níbi méjèèjì kó tó dé 60 Hz. Àwa á kúkú fi í sí 1920 x 1080 ní 60 Hz. Tẹlifíṣọ̀n íńṣì 32 tí wọ́n kọ "HD Ready" sí lára, ojú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 1366 x 768, bó tilẹ̀ ń gba 1920 x 1080 wọlé. Bí lẹ́tà bá ṣú níbẹ̀, kò sí oògùn. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ gbé Scale, ìyẹn bí lẹ́tà ṣe tóbi tó nínú Windows, sí 150%.

Ohùn ò gba wàhálà: ẹ tẹ àmì sípíkà nísàlẹ̀, kí ẹ yan orúkọ tẹlifíṣọ̀n. Kí laptop má baà sùn nígbà tí wọ́n bá pa ìdérí rẹ̀ dé, ẹ yan "Do nothing" nínú Power Options. Windows àti K máa ń so tẹlifíṣọ̀n kan láìsí waya, ṣùgbọ́n ó máa ń falẹ̀, ó sì máa ń já. Ẹ fi wo fọ́tò nílé, ẹ má gbé e lọ sóde ìgbéyàwó. Fún tẹlifíṣọ̀n onídìí-ńlá tó ní ihò pupa, funfun àti yẹ́lò, kọ̀nfátà "HDMI to AV" wà. Ẹ ti bọ́tìnnì rẹ̀ sí PAL. Fíìmù á ṣeé wò, ẹnikẹ́ni ò ní lè ka lẹ́tà Word níbẹ̀.

Iná wá ni ohun tó ń ba ihò HDMI jẹ́ jù nílùú wa. Nínú ẹ̀rọ iná desktop, àwọn capacitor kékeré kan wà tó ń da ariwo iná sí waya earth, ìyẹn waya tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ò ní earth, àwọn míì sì ti gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì dànù. Bí ibi tí wọ́n máa dà á sí ò bá sí, ara irin kọ̀ǹpútà á máa gbé nǹkan bí ìdajì iná ilé. Tester á tàn bí ẹ bá fi kàn án, ọwọ́ á sì máa ta yín ṣínṣín. Laptop oníṣájà ẹlẹ́sẹ̀ méjì náà ń ṣe é. Bí tẹlifíṣọ̀n bá wá ní dikódà lẹ́yìn, tí irin dish rẹ̀ sì fẹsẹ̀ kanlẹ̀ níta, ẹnu HDMI ni iná yẹn máa gbà kọjá nígbà tí ẹ bá ń kì í. Nítorí náà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n àti dikódà kúrò lára ògiri, ẹ yọ waya dish, ẹ so HDMI, kí ẹ wá kó gbogbo wọn sórí extension box kan ṣoṣo. Fífi rìmóòtù pa wọ́n kò tó. Bí sípíkà bá ń kùn, tó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ yọ ṣájà laptop, earth kọ̀ǹpútà àti ti tẹlifíṣọ̀n ni kò bára mu. Ẹ ní kí oníná wá ri irin earth. Ẹni tí iná bá gbá gidi, tí kì í ṣe ṣínṣín lásán, kó dá iṣẹ́ dúró kí oníná tó dé. Lásìkò òjò, bí ààrá bá ti ń kù, HDMI àti waya dish ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ.

Kí ẹ tó gba owó, ẹ fi fóònù oníbàárà ya fọ́tò ètò àwòrán tí ẹ ṣe sórí tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì lẹ nọ́ńbà HDMI náà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lórí ìwé kékeré, nítorí ọmọ kan á tẹ Reset.