Ohun tí kò sí

Láti aago mẹ́wàá ni mo ti ń sọ pé mo fẹ́ sùn. Aago méjì òru ti fẹ́ lù báyìí, mo ṣì jókòó.

"Bàbá wọn ti ń gbọ́ ohun tí kò sí báyìí."

Ọ̀rọ̀ tí ìyá wọn bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ lórí fóònù nírọ̀lẹ́ nìyẹn. Èmi kọ́ ló ń bá wí. Mo kàn ń kọjá lọ bu omi ni. Kò fi mí ṣẹ̀sín, kò sì bínú, ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ojú ọjọ́ ti ń ṣú. Ká ní ó bínú ni, ǹ bá ti gbàgbé.

Ilẹ̀kùn wà láàárín wa, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè búra sí i. Ṣé "ohun" ló pè é ni, àbí "ohùn"? Bó bá jẹ́ ohun, kò burú, a jẹ́ pé etí mi ló ṣì í gbọ́. Bó bá jẹ́ ohùn, ẹ̀yin náà mọ irú ẹni tó ń gbọ́ ohùn níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti fọhùn. Mo ti pe gbólóhùn náà lábẹ́lẹ̀ lọ́nà méjèèjì, ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Méjèèjì ló lè ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Àpótí yẹn ń dún. Ẹ jẹ́ kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ ná.

DVR ni, àpótí tó ń gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, èyí tó wà lórí pákó tí a kàn mọ́ ògiri yàrá wa níhà pálọ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́ ọ ni pé kì í dá. Ìró tí kì í dá, etí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi í sílẹ̀ tó bá yá. Tèmi kì í fi nǹkan sílẹ̀.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo fi rò pé tí a bá ti fi rìmóòtù pa á, ó ti sùn nìyẹn. Kò sùn. Iná pupa iwájú rẹ̀ kàn ń sọ pé kò fi àwòrán ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n mọ́ ni. Nínú lọ́hùn-ún, hard drive rẹ̀, ibi tó ń tọ́jú ohun tó bá gbà sílẹ̀ sí, ṣì ń yí, ó ń gba ìkànnì tí a wò kẹ́yìn sílẹ̀, bóyá ẹnì kan á fẹ́ dá a padà sẹ́yìn. Tọ̀sán tòru. Nígbà tí mo mọ èyí, àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò sì mọ bí àánú ẹ̀rọ ṣe ń ṣe èèyàn... Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni mo tú ìdérí rẹ̀. Mo yọ wáyà iná kí n tó fọwọ́ kàn án, mi ò sì sún mọ́ ibi tí iná ti ń wọlé, torí iná lè ṣẹ́ kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà. Eruku ara fáànù rẹ̀ nípọn bí aṣọ. Mo tàn án padà, mo fi owú tí a fi ń nu etí di àárín fáànù náà mú, kò ju kí n ka ení, èjì, ẹ̀ta lọ. Ìró "ṣìì" tó wà lókè dáwọ́ dúró, "hùn-ùn" tó wà nísàlẹ̀ kò yẹsẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé ìró méjì ni mo ti ń gbọ́ látọjọ́ yìí tí mo ń pè ní ẹyọ kan? Mo nu fáànù. Ṣìì lọ.

Hùn-ùn ló kù. Mo gbé ẹnu súkúrúdíráfà lé ara hard drive náà jẹ́jẹ́, mo fi èkù rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí mi. Ó wọlé bí ẹni pé inú orí mi ló ti ń yí. Lẹ́yìn náà ni mo gbé gbogbo àpótí kúrò lórí pákó lé orí fóòmù kan, ìró náà sì rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Pákó ni ìlù látọjọ́ yìí, hard drive wulẹ̀ jẹ́ kọ̀ǹgọ́. Fóòmù lè dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà, nítorí náà rọ́bà mẹ́rin ni mo padà fi sábẹ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí n tó dá a padà sórí pákó.

Ó yẹ kó ti parí síbẹ̀. Kò parí, torí mo ṣì ń gbọ́ ọ.

(Iṣẹ́ lọ dáadáa lónìí. Àbúrò mi pè. Mo fọ aṣọ, mi ò tíì ká a.)

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, gbogbo wọn lọ sùn, mo gbé fóònù lé orí pákó, mo ṣí irú áàpù tó máa ń ya ìró bó ṣe ń gbọ̀n tó láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlà kan dìde dúró síbi 90. Mo wo bébà tó wà lára hard drive: 5400 ni iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ pín in sí ọ̀nà 60, 90 ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. Ó wà! Mo gbé fóònù dání, mo dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá. Mo rántí pé bí mo bá ní, "Wò ó, ó wà," yóò bi mí pé ta ló ní kò sí. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀ pé mo fetí kọ́. Mo padà.

Kí ó lè dá mi lójú, mo yọ wáyà lára ògiri. Ìlà 90 wálẹ̀, kò sí mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ nínú òkùnkùn, mo sì ń gbọ́ hùn-ùn. Kékeré, lọ́wọ́ òsì, níbi tó máa ń wà gẹ́lẹ́. Fóònù kan náà tó jẹ́rìí gbè mí ló jẹ́rìí takò mí. Ìyá wọn jàre nígbà náà. Èmi náà jàre. Tàbí kí n sọ pé...

Mi ò mọ̀.

Ìgbà tí mo tàn án padà ni ìró kẹta dé. Tà. Tà. Tà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, bí ẹni fi èékánná kan tábìlì. Èyí kò le tó hùn-ùn, kò lè jí ọmọ tuntun, òun gan-an ló sì yẹ kí n ti máa tẹ́tí sí. Apá kékeré tó ń ka dísìkì inú hard drive náà kì í fara kàn án, àlàfo tó wà láàárín wọn kéré débi pé fọ́nrán irun kan kò lè gbabẹ̀ kọjá. Bó bá dé ibi tí kò lè kà, yóò padà síbi tó ti gbéra, yóò tún lọ. Pípadà yẹn ni tà. Mo ti ń fi gbogbo òru jà sí hùn-ùn, tí kì í ṣe àrùn rárá.

Mo tú hard drive náà jáde, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ní pálọ̀. Windows bi mí bóyá kí òun ṣètò dísìkì náà fún lílò. Rárá o! Ẹni tó bá gbà fún un ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan lé ohun tó fẹ́ gbà là lórí. Mo gba orí Linux lọ, tí kì í ṣe Windows, mo fi smartctl wò ó, irinṣẹ́ tó ń yẹ ìlera hard drive wò. Ìlà 197, tó ń ka àwọn ibi tó ti kọ̀ láti ṣeé kà: 24. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, 32. Ẹnì kan ti sọ fún mi rí pé kí n gbé irú rẹ̀ sínú fírísà. Mi ò ní ṣe é, omi tí yóò sẹ̀ sára rẹ̀ nígbà tó bá jáde á pa èyí tó kù.

ddrescue, irinṣẹ́ tó ń gba ohun tó kù là lára hard drive tó ń kú, ló ń dà á kọ sínú tuntun báyìí. Ó ń kọ́kọ́ kó èyí tó rọrùn, yóò padà wá síbi tó le. Bí a bá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, a ò lè rí nǹkan wò, àpótí nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe tì í. Odindi ni mo fi ń dà á kọ, kí n lè dá a padà sínú àpótí kan náà. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò fẹ́ pàdánù. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí.

Ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí láti yàrá ni.

"Ṣé ẹ pa nǹkan kan ni?"

Mo ní kí ló dé.

"Ilé dákẹ́ jù."

Mo ní kó máa sùn. Mo gbọ́ tó yí ẹ̀gbẹ́ padà, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ mo tún gbọ́ tó yí i. Òun náà kò tíì sùn.

ddrescue wà ní 61 nínú ọgọ́rùn-ún.