Ọwọ́ Òsì Inú Fọ́tò Náà

Màmá mi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kejì tí mo dé Kàbà láti Amẹ́ríkà ni, nígbà Kérésìmesì tó kọjá. Mo tẹ́ àwọn fọ́tò àtijọ́ àwọn olórin tí mo ń kó jọ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n mú ọ̀kan níbẹ̀, wọ́n sún un mọ́ iná.

"Kí ló dé tí ọkùnrin yìí ń fi ọwọ́ òsì ta gìtá? Ọmọ ta ni?"

Mo ní mándólíìnì ni, kì í ṣe gìtá. Ìbéèrè kejì ni mi ò lè dáhùn.

Mándólíìnì kéré sí gìtá. Okùn mẹ́jọ ló ní, méjì méjì ni wọ́n jọ ń dún, ohùn wọn sì dọ́gba pẹ̀lú ti fayólíìnì. Èyí tó ti Ítálì wá, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan ni mò ń gbé, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ alẹ́ nílùú òtútù rí mọ bí ọjọ́ ìsinmi ṣe máa ń rí: kéèyàn sùn, kó jẹun tútù, kó pe ilé, kó tún sùn. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí yìnyín bo gbogbo títì, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan, torí pé ibẹ̀ gbóná ju ìta lọ. Nínú páálí bàtà kan ni mo ti rí fọ́tò àwọn ọ̀dọ́bìnrin mẹ́rìndínlógún tí wọ́n wọ aṣọ funfun, mándólíìnì lọ́wọ́ gbogbo wọn, ọrùn gbogbo rẹ̀ sì kọjú sí apá kan náà. Ọ̀gá wọn jókòó sáàárín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi fò lọ sí pálọ̀ wa ní Kàbà, níbi tí fọ́tò ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wà lókè ilẹ̀kùn: aṣọ ẹgbẹ́ kan náà, ìyá ẹgbẹ́ láàárín, ojú gbogbo wọn le koko. Dọ́là mẹ́ta ni mo san. Ó ti di ọdún mẹ́jọ báyìí, fọ́tò ọwọ́ mi sì ti lé ní igba.

Ní 1880 ni ẹgbẹ́ olórin Sípéènì kan, Estudiantina Fígaro, wá ṣeré ní New York. Bandurria, ohun èlò olókùn tó jọ mándólíìnì, ni wọ́n ń ta, ṣùgbọ́n àwọn ará Ítálì tó wà níbẹ̀ fi mándólíìnì sín wọn jẹ, orin náà sì ràn ká bí iná ọyẹ́. Títí di nǹkan bí 1920, ilé ẹ̀kọ́, ilé iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ló fẹ́ ní ẹgbẹ́ mándólíìnì tiwọn. Kalamazoo tí mo ń gbé yìí gan-an ni ilé iṣẹ́ Gibson, tó ń ṣe mándólíìnì, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1902. Àwọn olùkọ́ orin ló ń bá wọn tajà fún akẹ́kọ̀ọ́, fọ́tò ẹgbẹ́ tó bá sì gbé ọjà wọn dání máa ń wọ inú ìwé ìpolówó wọn. Ìdí kan nìyẹn tí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn fọ́tò ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bó bá jẹ́ káàdì ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n kọ AZO, orúkọ bébà fọ́tò kan, síbi sítáǹpù, tí àmì kéékèèké mẹ́rin onígun mẹ́ta ibẹ̀ sì kọrí sókè, bébà náà wá láti àárín 1904 sí 1918. Nígbàkigbà tí mo bá di irú rẹ̀ mú, ohun tó máa ń sọ sí mi lọ́kàn ni pé ayé ìgbà tí òyìnbó ajíhìnrere Titcombe dé ìlú Ẹ̀gbẹ̀ nìyí, ní 1908, tí ìyá ìyá mi kò tíì dáyé.

Àwọn aláwọ̀ dúdú ni mo ń wá jù. Wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún 1912, James Reese Europe kó ẹgbẹ́ olórin aláwọ̀ dúdú Clef Club wọ Carnegie Hall, gbọ̀ngàn orin ní New York, olórin tó tó 125, mándólíìnì àti báńjò ló sì pọ̀ nínú ohun tí wọ́n gbé dání. Síbẹ̀, láàárín igba fọ́tò mi, méjì péré ni mo rí. Ọ̀kan ni ọkùnrin tí Màmá gbé súnmọ́ iná yẹn. Orí irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ya á sí, mágínẹ́ẹ̀tì máa ń gbé e. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ó wọ kóòtù, ó gbé orí sókè díẹ̀, kò sì sí orúkọ kankan níbẹ̀. Mo ti kọ "ọlọ́wọ́ òsì" sára àpò bébà rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi wá aláwọ̀ dúdú tó ń fi òsì ta mándólíìnì nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, torí mo rò pé ọwọ́ yẹn ló máa júwe rẹ̀ fún mi.

Màmá ní kí n gbé e lọ fún Bàbá fọtógíráfà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn ló ya fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí mi.

"Òkun o, Bàbá."

"Òkun, ọmọ mi. Gbé e wá."

Wọ́n bọ́ jígí ojú wọn, wọ́n fi irin náà kan imú tán. Wọn ò wo ọwọ́ rárá. Kóòtù ni wọ́n ń wò.

"Bọ́tìnì rẹ̀ wà lápá ibo?"

Mo wò ó. Apá òsì kóòtù ló wà, bíi ti obìnrin.

"Ṣé fọ́tò yìí ní nẹ́gátíìfù?"

Mo ní rárá, orí irin yẹn náà ni wọ́n yà á sí nínú kámẹ́rà.

"Òdì ló wà lórí irin nìyẹn, kò sí nẹ́gátíìfù tó máa dá a padà. Bí a bá fi nẹ́gátíìfù sódì lásán, ọ̀tún á di òsì, áńbọ̀sìbọ́sí èyí tí kò ní nẹ́gátíìfù. Ọwọ́ ọ̀tún lọmọ yìí fi ń ta nǹkan rẹ̀. Ẹ fi jíǹgí wò ó."

Ọmọọmọ wọn gbé jíǹgí ìfárí jáde. Mo gbé irin náà síwájú rẹ̀, ọkùnrin náà sì yí padà: bọ́tìnì bọ́ sí ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún sì wà lórí okùn. Ó dà bíi pé ẹni tí mo ti ń wò láti ẹ̀yìn ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iwájú wọlé. Mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo mú pẹ́ńsù, mo fagi lé "ọlọ́wọ́ òsì."

Bàbá bi mí ní orúkọ rẹ̀, wọ́n sì mi orí nígbà tí mo ní kò sí. Wọ́n dìde, wọ́n gbé férémù kan wá láti iyàrá. Fọ́tò náà ti lẹ̀ mọ́ díńgí, bó ṣe ń ṣe nílé wa nígbà òjò. (Bí tiyín bá ti lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á. Ẹ fi fóònù yà á bó ṣe wà lábẹ́ díńgí, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.) Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méje ni, Bàbá fúnra wọn ló yà wọ́n ní 1964: gìtá méjì, àgídìgbo, sámbà, ìlù. Ẹni kan lápá òsì di agogo mú bí ẹni di ẹyin.

Wọ́n ní kí n máa kọ ọ́. Mo yí férémù dé, mo fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sára páálí ẹ̀yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é, pẹ̀lú orúkọ bàbá oníkálukú àti agboolé rẹ̀. Mẹ́fà jáde láì ronú. Wọ́n dúró lórí ẹni tó di agogo mú, wọ́n pa ojú dé, wọ́n ní ó ń bọ̀, kò sì wá. Wọ́n pe ọmọ náà, wọ́n ní kó sáré lọ sí Odòlú, kó lọ bi onígìtá ìyẹn, torí òun ṣì wà láyé. A jókòó, à ń retí rẹ̀.